Ẹ Bi Ìyá Olùkọ́: Du Fu, Akéwì Tó Mọ Ohun Tí Ogun Ń Ṣe Nínú Ilé

Nígbà tí ẹnìkan bi mí léèrè ọ̀rọ̀ ogun nínú ìwé wa tó kọjá, mo fi ìlà méjì láti ẹnu Du Fu, akéwì ilẹ̀ Ṣáínà, kún ìdáhùn mi: "Ilẹ̀ ọba ti fọ́, òkè àti odò ṣì wà níbẹ̀, ìgbà ìrúwé dé sí ìlú, koríko àti igi ti dí gbogbo rẹ̀." Lẹ́tà tó tẹ̀yìn rẹ̀ wá pọ̀. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, níhìn-ín ní Kétu, ni mo ti ń ka ọkùnrin yìí ní èdè Faransé. Inú mi dùn láti fi gbogbo ojú-ewé mi ti oṣù yìí fún un.

"Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Olùkọ́. Ọmọ mi obìnrin ń kọ́ èdè Ṣáínà ní yunifásítì Calavi. Ó ní kò sí ọmọ iléèwé ní Ṣáínà tí kò mọ Du Fu. Ta ni, ìgbà wo ló gbé ayé?" — Olùkọ́ kan, Pọ́bẹ̀

Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ yín á yè, á yẹni.

Ọdún 712 ni wọ́n bí Du Fu, nítòsí ìlú Luoyang, nígbà tí ìdílé ọba Tang wà lórí oyè. Ilé tí wọ́n ti ń kàwé tí wọ́n sì ń kọ ewì ni wọ́n bí i sí: Du Shenyan, bàbá bàbá rẹ̀, jẹ́ akéwì tó lórúkọ. Ìyá rẹ̀ kò pẹ́ láyé, arábìnrin bàbá rẹ̀ kan ló tọ́ ọ dàgbà. Láyé ìgbà náà, ìdánwò ni ẹni tó bá fẹ́ wọ iṣẹ́ ọba ń ṣe. Du Fu ṣe é nígbà tó lé díẹ̀ lọ́mọ ogún ọdún, kò yege. Ó tún ṣe òmíràn ní 747. Lọ́dún yẹn, Li Linfu, olórí àwọn ìjòyè, kò jẹ́ kí ẹnì kankan yege, ó wá lọ sọ fún ọba pé kò sí ọlọ́gbọ́n tó ṣẹ́kù níta ààfin mọ́. Bí ọdún mẹ́wàá ni Du Fu fi wà ní Chang'an, olú-ìlú, tó ń kọ̀wé sí àwọn ọlọ́lá, tó ń dúró lẹ́nu ọ̀nà wọn. Ní 755 ni wọ́n tó fún un níṣẹ́ kékeré kan: kó máa mójú tó kọ́kọ́rọ́ ilé ohun ìjà.

Ibí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dúró díẹ̀ sí. Nígbà tó gbaṣẹ́ tán, ó gbọ̀nà ilé lọ, láti lọ wo ìyàwó àti àwọn ọmọ tó fi sí Fengxian. Òtútù mú. Ó kọjá lẹ́bàá òkè Li, níbi tí ọba àti àwọn ènìyàn rẹ̀ wà nídìí omi gbígbóná, tí orin ń dún. Nígbà tó wọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, ẹkún ló kọ́kọ́ gbọ́. Ebi ti pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó kéré jù. Nínú ewì gígùn tó kọ lórí ìrìn-àjò yẹn ni ìlà tí gbogbo Ṣáínà mọ̀ sórí wà: "Lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà pupa ọtí àti ẹran ń rà, lójú ọ̀nà egungun àwọn tí òtútù pa wà nílẹ̀." Ṣùgbọ́n ohun tó sọ lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀ ló mú mi ju ìyẹn lọ. Ó ní ojú ń ti òun pé òun jẹ́ bàbá tí àìsí oúnjẹ pa ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní: èmi tí n kì í san owó orí, tí orúkọ mi kò sí nínú ìwé àwọn tí wọ́n ń kó lọ sójú ogun, bí tèmi bá rí báyìí, báwo wá ni ti àwọn ènìyàn lásán? Bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdánù ọmọ ló ń ronú nípa ilé ẹlòmíràn yẹn. Orí ìrònú yìí ló dúró sí títí ó fi kú.

Ìyókù, n ó sọ ọ́ kíákíá. Ogun dé, àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú un, ó sá mọ́ wọn lọ́wọ́, ó rí iṣẹ́ sí ààfin, iṣẹ́ náà bọ́. Ní 759 ó fi iṣẹ́ ọba sílẹ̀ pátápátá, ó kó ẹbí rẹ̀ gba orí òkè lọ sí Chengdu. Ó kúrò níbẹ̀ ní 765, ó gbé ní Kuizhou lẹ́bàá odò Yangzi láti 766 sí 768, ibẹ̀ ló sì ti kọ nǹkan bí irinwó ewì. Àtọ̀gbẹ ń bá a jà, ibà àti ikọ́ fée náà, etí rẹ̀ sì ń lọ. Inú ọkọ̀ ojú omi ni òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé kiri ní Hunan nígbà tó kú ní 770. Ewì rẹ̀ tó kù sílẹ̀ lé ní 1,400.

"Ìyá Olùkọ́, mo ka ìlà méjì yẹn, ó ṣe mí bíi pé Kétu ni ọkùnrin náà ń wò. Ṣé ó fojú ara rẹ̀ rí ogun ni, àbí wọ́n sọ fún un?" — Bàbá àgbà kan, Kétu

Bàbá, mo kúnlẹ̀. Ó fojú ara rẹ̀ rí i.

An Lushan, ọ̀gágun tí ọba ti kó agbára lé lọ́wọ́ jù, ló dìtẹ̀ ní ìparí 755. Ogun náà kò parí títí di 763. Ní 755, ìwé ìkànìyàn ìjọba sọ pé àwọn ènìyàn ilẹ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 53. Ní 764, iye tí wọ́n kọ sílẹ̀ kò tó mílíọ̀nù 17. Gbogbo àwọn tó dín yẹn kọ́ ló kú: ọ̀pọ̀ ti sá kúrò nílé, ọ̀pọ̀ agbègbè ti bọ́ kúrò lọ́wọ́ ọba, akọ̀wé tí ì bá kà wọ́n kò sí níbẹ̀ mọ́.

Chang'an ṣubú ní 756, ọba sì sá lọ. Du Fu ti kó ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí abúlé kan níhà àríwá. Nígbà tó ń lọ bá ọba tuntun ni àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú un lọ́nà, wọ́n sì mú un lọ sí Chang'an tó ti fọ́. Ibẹ̀ ló wà ní ìgbà ìrúwé 757 tó fi kọ ewì tí ẹ kà. Ìlà karùn-ún àti ìkẹfà rẹ̀ sọ pé iná tí wọ́n fi ń ké sí ogun ti ń jó fún oṣù mẹ́ta, àti pé lẹ́tà kan láti ilé tó ẹgbàárùn-ún wúrà. Orí irun ara rẹ̀ ló parí ewì náà sí: irun funfun tó ń fi ọwọ́ họ títí ó fi kúrú, tí ìkótí kò fẹ́ dúró nínú rẹ̀ mọ́. Láti orí ilẹ̀ ọba tó fọ́ dé orí ìkótí, ìlà mẹ́jọ péré.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa ni ti abúlé Shihao, ní 759. Àwọn ọmọ ogun ọba ti fìdí rẹmi ní ìlú Ye, wọ́n wá ń wá ènìyàn lójú méjèèjì. Du Fu wọ̀ sílé àwọn arúgbó méjì kan nírọ̀lẹ́. Lóru, ìránṣẹ́ ìjọba dé láti kó ọkùnrin. Bàbá arúgbó fo ògiri, ó sá lọ. Ìyá arúgbó jáde lọ dá ìránṣẹ́ náà lóhùn. Ìránṣẹ́ ń jágbe, ìyá ń sunkún. Ó ní ọmọkùnrin òun mẹ́ta ló wà lójú ogun Ye. Ọ̀kan ti kọ̀wé wá pé àwọn méjì tó kù ti kú. Ó ní kò sí ọkùnrin kankan nínú ilé mọ́ àfi ọmọ-ọmọ òun tó ń mu ọmú lọ́wọ́. Nítorí ọmọ yẹn ni ìyá rẹ̀ kò ṣe tíì lọ, ṣùgbọ́n kò ní aṣọ kan tó dá pé tó lè ró jáde. Ó wá ní: agbára mi ti tán lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bá yín lọ lóru yìí, bí mo bá yára dé Heyang, níbi tí àwọn ọmọ ogun wà, n ó ṣì lè bá wọn se oúnjẹ àárọ̀. Nígbà tó pẹ́, ohùn dákẹ́. Ó dà bí ẹni pé ẹnìkan ń fà ẹkún mọ́ra. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, bàbá nìkan ni Du Fu rí dágbére fún.

Ewì náà parí síbẹ̀. Kò sọ pé ogun burú, kò bú ìránṣẹ́, kò bú ọba. Gbogbo ohun tó sọ nípa ara rẹ̀ kò ju pé ó sùn síbẹ̀, ó sì gbéra. Àwọn ará Ṣáínà ń pe ewì rẹ̀ ní ìtàn tí a fi ewì kọ, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, nítorí kò sí ìwé ààfin tó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọmọbìnrin kan ní Shihao kò ní aṣọ tó lè ró jáde.

Bàbá, ẹ̀yin náà mọ ti 1886. Nígbà tí ogun Dàhọ̀mì kó ìlú wa, ìyá tó bí ìyá àgbà mi wà lára àwọn tí wọ́n kó lọ sí Àgbómẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Béhanzin, ọba Dàhọ̀mì, ni àwọn tó ṣẹ́kù rọ́nà padà wálé. Àwọn ìwé tí mo fi kọ́ ọmọ sọ ti àwọn ọba, wọ́n sọ ti odi, wọ́n sọ bí ìlú ṣe ṣubú. Ohun tí ìyá àgbà mi gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ kò sí nínú ìkankan wọn. Irú ló ń sọ. Irú tó ti sè, tó ti fi ewé bò sínú igbá, tó ku ọjọ́ kan kó pé, ni ogun wọ̀lú. Ó ní ní Àgbómẹ̀, òórùn irú yẹn ni òun ń rántí ju ìró ìbọn lọ.

Akaba Ìdẹ́nà, ẹnu ọ̀nà odi ìlú wa àtijọ́, ṣì dúró, àlejò ń gun alùpùpù zémíjàn wá wò ó, wọ́n ń ya fọ́tò. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kọ ti igbá irú yẹn sílẹ̀? Ta ló kọ ti ilé yín, Bàbá? Ó ń dùn mí gan-an pé àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó rí i ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ yín fi fóònù gba ohùn yín sílẹ̀, bí ó bá ṣe díẹ̀díẹ̀ náà.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ fi kún un. Nígbà tí Du Fu rí ọ̀nà padà sọ́dọ̀ ẹbí rẹ̀ ní 757, ìyàwó rẹ̀ àti àwọn ọmọ kò kọ́kọ́ gbà gbọ́ pé ó wà láàyè. Àwọn aládùúgbò gun ara wọn lórí ògiri láti wò ó. Aṣọ àwọn ọmọbìnrin rẹ̀, àkísà tí wọ́n rán pọ̀ ni: wọ́n ti gé aṣọ àtijọ́ kan tí wọ́n fi òwú ya àwòrán òkun, òrìṣà omi àti ẹyẹ sí, wọ́n fi lẹ ihò, àwòrán náà sì dojú kọ ilẹ̀. Nígbà tó mú àtíkè jáde láti inú ẹrù rẹ̀, ọmọbìnrin kan gbà á, ó ń kun ojú bíi ti ìyá rẹ̀, ìpéǹpéjú rẹ̀ wá fẹ̀ gbàgàdà. Ẹni tó ń sá fógun tún ń rí ìyẹn.

"Ìyá Olùkọ́, ẹ má bínú sí mi o. Ọkùnrin tó fìdí rẹmi nínú ìdánwò, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń jẹ lára ọ̀rẹ́, tí ebi pa ọmọ rẹ̀, kí ni kí àwa ọ̀dọ́ kọ́ lára rẹ̀?" — Ọ̀dọ́kùnrin kan, Àjàṣẹ́

Ọmọ mi, n kò bínú. Mo mọ̀ pé wíwá iṣẹ́ kiri ní Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu kò rọrùn, mo sì gbọ́ ohun tó wà nídìí ìbéèrè rẹ.

Kọ́kọ́ wo bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 757, Suzong, ọba tuntun yẹn, fi í sí ipò àwọn tó ń rán ọba létí àṣìṣe rẹ̀. Láìpẹ́, ọba bínú sí Fang Guan, ìjòyè kan tó ti fìdí rẹmi lójú ogun. Du Fu dìde, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ náà kò tó ìyà yẹn. Wọ́n mú un, díẹ̀ ló kù kí wọ́n fìyà jẹ ẹ́. Ní 758 wọ́n lé e kúrò láàfin lọ sí iṣẹ́ kékeré ní Huazhou. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí gan-an ló ṣe tí iṣẹ́ fi bọ́. N kò lè pe ìyẹn ní ìfìdírẹmi, ìwọ náà má pè é bẹ́ẹ̀.

Lẹ́yìn náà, wo ilé bẹẹrẹ rẹ̀ ní Chengdu. Ní 760, àwọn ọ̀rẹ́ àti ìbátan ràn án lọ́wọ́, ó kọ́ ọ lẹ́yìn ìlú. Ní 761 ìjì ìgbà ìwọ́wé ká bẹẹrẹ kúrò lórí ilé. Àwọn ọmọdé abúlé tó wà ní gúúsù rí i pé ó ti dàgbà, kò lágbára, wọ́n jí bẹẹrẹ náà gbé wọ inú ọparun lójú rẹ̀. Ó pariwo títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Òjò dé lóru, kò sí ibi gbígbẹ lórí ibùsùn. Aṣọ ìbora ti gbó, ó tutù bí irin, ọmọ rẹ̀ sì ti fi ẹsẹ̀ ta á ya lójú oorun. Nínú omi yẹn ló ti ní: ibo ni mo ti máa rí ilé ńlá oníyàrá ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ aláìní lábẹ́ ọ̀run yóò lè sá sí, tí ìjì àti òjò kò ní mì? Bí mo bá lè rí i lójú mi, kí ilé tèmi nìkan fọ́, kí òtútù pa mí, ó tó.

Àwọn kan máa ń sọ pé àsọdùn ni. N kò gbà. Ẹni tó ti sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu ọ̀nà ilé tí ebi ti pa ọmọ rẹ̀ ní 755 ni.

Ohun tó kù ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ní 753, nígbà tí wọ́n kó àwọn ewì tó dára jù lọ láyé náà jọ sínú ìwé kan, wọn kò fi ẹyọ kan tirẹ̀ sí i. Kò dáwọ́ dúró. Títí di inú ọkọ̀ tó kú sí ló ń tún ìlà rẹ̀ ṣe. Ní 813, lẹ́yìn ọdún 43, ọmọ-ọmọ rẹ̀ Du Siye ló gbé egungun rẹ̀ padà sílé, akéwì Yuan Zhen sì kọ ọ̀rọ̀ sí ibojì rẹ̀ pé láti ìgbà tí ewì ti wà, kò sí irú rẹ̀. Lónìí, ọgbà ńlá kan ló wà ní Chengdu níbi tí ilé bẹẹrẹ yẹn wà, àwọn ènìyàn ń lọ kí i. Kò rí ìkankan nínú èyí. Ó ṣiṣẹ́ náà síbẹ̀síbẹ̀, ó sì ṣe é dáadáa.

"Ṣé lóòótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ ni òun àti Li Bai?" — Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Ṣakẹ́tẹ́

Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n pàdé ní Luoyang ní 744. Akéwì ni Li Bai náà, ó fi ọdún mọ́kànlá jù ú lọ, òkìkí rẹ̀ sì ti kàn. Wọ́n jọ rìn, wọ́n jọ mu ọtí, wọ́n pínyà ní 745, wọn kò sì tún fojú kan ara wọn mọ́. Ní 759, nígbà tí Du Fu gbọ́ pé ìjọba ti lé Li Bai lọ sí Yelang, ibi jíjìnnà kan, ó lá àlá rẹ̀ ní òru mẹ́ta léraléra, ó fi kọ ewì méjì. Wọ́n ti dárí ji Li Bai lọ́dún yẹn, ṣùgbọ́n ìròyìn kì í yára rìn nígbà ogun.

"Ọmọ onílù ni mí. Ṣé èdè wọn ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ bíi tiwa, ṣé wọ́n sì ń lò ó nínú ewì?" — Ọ̀gbẹ́ni kan, Ṣábẹ̀ẹ́

Wọ́n ní i, wọ́n sì fi òfin dè é. Nígbà ayé Du Fu, ohùn mẹ́rin ni èdè náà ní. Àwọn akéwì pín in sí ọ̀nà méjì: ohùn tó dúró gbọọrọ, àti àwọn tó ń gbéra, tó ń sọ̀ tàbí tó ń já. Nínú ewì onílà mẹ́jọ, tí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ sílébù márùn-ún tàbí méje, bí ohùn ìlà kan bá dúró níbì kan, ti ìlà kejì rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣí kúrò níbẹ̀. Ìyá ìlù àti omele tí wọ́n ń dá ara wọn lóhùn ni mo máa ń rò. Ìlà kẹta àti ìkẹrin gbọ́dọ̀ kojú ara wọn lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, ìlà karùn-ún àti ìkẹfà náà bẹ́ẹ̀: bí òkè bá wà lókè, odò á wà nísàlẹ̀. Ìdí nìyẹn tí "iná ogun" fi kojú "lẹ́tà ilé", "oṣù mẹ́ta" sì kojú "ẹgbàárùn-ún wúrà". Du Fu ni wọ́n gbà pé ó mọ èyí ṣe jù. Èdè ti yí láti ìgbà náà, ohùn tó ń já kò sí mọ́ nínú èdè tí wọ́n ń sọ ní Beijing, ṣùgbọ́n àwọn ará gúúsù bíi ti Guangdong ṣì ní i lẹ́nu.

"Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fẹ́ràn kí n máa ka nǹkan fún un bí a bá ti ọjà dé. Ewì Du Fu wo ni kí n kọ́kọ́ kà fún un?" — Obìnrin alágbàdo kan, ọjà Kétu

Arábìnrin mi, ẹ kú ọjà o. Ẹ ka ti igi zao fún un. Zao jẹ́ igi kan tó ń so èso kéékèèké, ó dùn, wọ́n ń sá a jẹ.

Ní 767, ní Kuizhou, Du Fu ní igi zao níwájú ilé rẹ̀. Opó kan ń gbé níhà ìwọ̀ oòrùn ilé náà, kò lọ́mọ, kò lóúnjẹ. Obìnrin yìí máa ń wá fi ọ̀pá gbọn igi náà, Du Fu kò sì dá a lẹ́kun rí. Nígbà tó kó lọ sí ibòmíràn, ó fi ilé náà sílẹ̀ fún ìbátan rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Wu. Wu dé, ó ṣọgbà yí igi ká. Du Fu kọ lẹ́tà sí i, lẹ́tà náà sì ni ewì yìí. Ó ní: jẹ́ kí aládùúgbò máa gbọn ọ́n. Bí kò bá ṣe ìṣẹ́, ṣé ó máa ṣe bẹ́ẹ̀? Nítorí pé ẹ̀rù ń bà á ni kí o túbọ̀ fojú rere wò ó. Ó ní lóòótọ́, opó náà ń fura jù sí àlejò tó ti òkèèrè wá, ṣùgbọ́n ọgbà tí o ṣe ti sọ ọ́ di òótọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ pé obìnrin náà ti sọ fún òun rí bí owó orí ṣe gbà á títí dé egungun.

Ẹ kíyè sí bó ṣe ń bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Kò dójú ti Wu, ó tilẹ̀ fi díẹ̀ nínú ẹ̀bi náà sọ́dọ̀ opó, kó lè rọrùn fún Wu láti tú ọgbà náà. Àgbà tó ti parí ìjà rí ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn.

Ẹ kà á fún wọn ní ẹnu Kétu, ẹ má ka Faransé. Bí wọ́n bá bi yín bóyá Wu tú ọgbà náà, ẹ sọ fún wọn pé ewì kò débẹ̀. Ẹ wá bi wọ́n ohun tí àwọn ì bá ṣe bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni Wu, kí ẹ sì kọ ìdáhùn wọn ránṣẹ́ sí mi kí ìwé tó ń bọ̀ tó jáde.